Táyé Rù, Kẹ́hìndé Wú

Ọjọ́ Ajé, 3 Júùnù

Òjò láti ìdájí. Omi gọ́tà tún wọ yàrá, mo fi búlọ́ọ̀kù gbé àpò aṣọ àwọn ìbejì sókè kó má baà rin. Moses ọkọ mi jáde nínú òjò yẹn náà. Ó ní wọ́n ń kọ́ ilé kan lẹ́yìn ọ̀nà Allen, bóyá wọ́n á gbà á kó bá wọn po kọnkéré. Òun ló ń darí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ ike ní Ìlúpéjú kó tó di pé wọ́n tì í pa. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ tèmi ní Oregun ò tíì pè wá padà. Wọ́n ní dísù tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ ti wọ́n jù, kí á lọ máa retí nílé.

Táyé kọ ẹ̀kọ. Apá rẹ̀ ti rí bíi ti ẹyẹ. Màmá Moses wá láti Ìpájà, wọ́n mú ẹ̀wà díẹ̀ wá nínú ọ̀rá. Wọ́n gbé Kẹ́hìndé sórí itan, wọ́n fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Èyí ń sanra ní tirẹ̀. Táyé ni kí o fojú sí, ìyàwó mi. Táyé ló ń bà mí lẹ́rù."

Òun ló ń ba èmi náà lẹ́rù. Mo lọ ẹ̀wà náà, mo fi ṣe mọ́ínmọ́ín. Táyé pọ̀ ọ́. Kẹ́hìndé jẹ ṣíbí mélòó kan, ó sùn lọ.

Ọjọ́rú, 5 Júùnù

Kẹ́hìndé ò rìn lónìí. Mo gbé e dúró, ó jókòó padà, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n gbá. Mo ní bóyá bàtà ló há a lẹ́sẹ̀, mo bọ́ ọ. Àmì okùn bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó jìn bí ibi tí èèyàn fìka tẹ̀ lára búrẹ́dì Agége. Mo se oúnjẹ alẹ́ tán, àmì náà ò tíì kúrò.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Júùnù

Igba náírà ni wọ́n ń ta ẹyin kan báyìí. Mo ra ẹyọ kan, mo sè é, mo pín in sí ọgbọọgba. Irun Kẹ́hìndé ń pọ́n níwájú. Oòrùn ni mo kọ́kọ́ pè é, àmọ́ oòrùn wo ló ràn lọ́sẹ̀ yìí?

Ọjọ́ Ajé, 10 Júùnù

Nítorí Táyé ni mo ṣe lọ sí ilé ìlera tó wà létí ojú irin. Mo gbé e dání, mo pọn Kẹ́hìndé, torí kò sẹ́ni tó máa bá mi mójú tó o nílé.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan fi téèpù aláwọ̀ mẹ́ta yí apá Táyé ká. Ó bọ́ sí yẹ́lò. Wọ́n ní kò dára, ṣùgbọ́n àwọn máa fún un ní oúnjẹ ẹ̀pà inú ọ̀rá tí á máa lá nílé. Mo dúpẹ́. Mo ti ń tún ọ̀já dì kí n máa lọ nígbà tí wọ́n ní, "Ẹ sọ ìyẹn kalẹ̀ kí n rí i."

"Ìyẹn ò ní nǹkan kan, mà. Òun ń sanra."

Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n mú un síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́wọ́ kúrò, ihò méjì ṣẹ́ kù síbẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé ọmọ yìí sanra?"

"Ìyá ọkọ mi, mà."

"Omi ni. Omi ló kún abẹ́ awọ rẹ̀. Èyí tí ẹ gbé wá, ó lè gbádùn nílé. Èyí tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Kuwaṣíọ́kọ̀ ni, àìsàn àìjẹunrekánú. Ẹ gbé e lọ sí ọ́sípítù, kó má di ọ̀la."

Títí mo fi délé, mi ò lè gbé e sẹ́yìn mọ́. Iwájú ni mo gbé e sí, mo ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú àlejò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Júùnù

Màmá ní a ò gbọdọ̀ gbé ọmọ lọ sí ọ́sípítù láìkọ́kọ́ gbé e dé iwájú pẹpẹ. Inú ìjọ aláṣọ funfun yìí ni wọ́n bí mi sí ní Ìkéré, ibẹ̀ ni mo ti ṣègbéyàwó. Mi ò lè ní mi ò lọ.

Wòlíì obìnrin gbàdúrà fún wọn, ó sì ríran. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń jẹ ìpín èkejì nínú ẹ̀mí. Ó ní kí á fi wọ́n sílẹ̀ ní ilé àánú ìjọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n máa mu omi àdúrà nìkan.

Mo wo Táyé tó ń rìn tàgétàgé lórí ẹní, pẹ̀lú ọrùn tí ò tó nǹkan. Kí ló mọ̀ nípa ìpín ẹnikẹ́ni?

Mo ní, "Ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun, Màmá? Àìjẹun náà ló sọ ọ́ dà báyìí o."

"Ìgbàgbọ́ rẹ wá ńkọ́?"

"Mo ní ìgbàgbọ́, mà."

Mo bọ́ sùtánà mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ká a dáadáa, mo gbé e fún Màmá pẹ̀lú Táyé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fún Táyé ní ẹ̀pà inú ọ̀rá náà bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo gbé Kẹ́hìndé, mo jáde. Moses dúró lẹ́nu géètì, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo mí. Mo ti kọjá ṣọ́ọ̀bù aláṣọ tó wà lójú ọ̀nà kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi.

Ọjọ́rú, 12 Júùnù

Wọ́n gbà wá sí wọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé ni tiwa. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ń jẹ́ Nusrat, ará Orílé-Agége, fọganáísà tó ń lẹ táyà ni Nùréènì ọkọ rẹ̀. Ròkí ọmọ wọn wú bíi Kẹ́hìndé gẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là díẹ̀ ni.

Kẹ́hìndé wúwo lórí òṣùwọ̀n ju iye tí Táyé wọ̀n ní ilé ìlera lọ dáadáa. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé, tó ń bójú tó apá ọ̀dọ̀ wa, ní, "Ẹ má jẹ́ kí òṣùwọ̀n yẹn tàn yín jẹ."

Wàrà tí wọ́n ń fún un ṣàn bí omi ìrẹsì, ife kékeré kan ni, wọ́n sì ń bu ún fún un ní ṣíbí ṣíbí. Ó mu ún tán, ó ń wo ife. Mo bẹ Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé kí wọ́n bu sí i.

"Mi ò lè bu sí i, Ìyá Ìbejì."

"Ebi ló ń pa á, mà. Ẹ̀yin náà rí i."

"Mo rí i. Inú rẹ̀ ti sùn, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti sùn. Tí a bá da oúnjẹ lù ú lójijì, ọkàn rẹ̀ ò ní lè gbé e. Ẹ jẹ́ kí á jí i díẹ̀díẹ̀."

Gbogbo ìgbà tí mi ò rí oúnjẹ fún un nílé, ó sàn ju kí n rí oúnjẹ kí wọ́n ní kí n má fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Júùnù

Awọ itan rẹ̀ ń bó bí ọ̀dà ara ògiri. Abẹ́ rẹ̀ pupa, ó ń ṣomi. Obìnrin kan tó wá kí ẹni rẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wa, ó bi mí ní ohùn pẹ̀lẹ́ bóyá omi gbígbóná ni mo ṣèèṣì dà sí i lára.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Júùnù

Moses wá lẹ́yìn ìsìn. Ó ní Táyé ń jẹun, ó ń lá ọ̀rá ẹ̀pà náà títí tó fi ń dún. Ó jókòó, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Jemimah, má bínú o. Ṣé kì í ṣe pé Táyé lo máa ń fún ní púpọ̀?"

"Àwo kan náà ni mo fi ń bọ́ wọn. Lójú rẹ ni mo ń ṣe é."

"Mo mọ̀. Mo kàn béèrè ni."

Mo yí ojú sí Kẹ́hìndé títí tó fi lọ. Nusrat gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Nígbà tó yá ó bu omi gbígbóná tirẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Júùnù

Dókítà Akínfẹ́nwá jókòó tì wá lónìí. Dókítà àwọn ọmọdé ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn ò lè ju tèmi lọ púpọ̀, ojú wọn ti wọnú nítorí àìsùn. Ìbéèrè tí Moses bi mí ni mo bi wọ́n, mi ò sọ pé Moses ló ni ín. Ọmú kan náà, àwo kan náà. Èèyi mú àwọn méjèèjì pa pọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde, ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e fún àwọn méjèèjì. Kí ló dé tí ọ̀kan fi rù tí ìkejì fi wú?

Wọ́n ní, "Ara gbogbo wa ló ń dáná nínú, Ìyá Ìbejì. Oúnjẹ ni ó ń fi dáná yẹn. Iná tó bá sì ń jó, á máa ta ẹta. Ẹni tó bá ń rí ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́ jẹ, ara rẹ̀ ń ti inú wọn ṣe nǹkan tó fi ń pa ẹta iná yẹn bó ṣe ń ta. Ti Kẹ́hìndé ti tán. Èèyi àti ìgbẹ́ gbuuru ló lo èyí tó kù. Ẹta iná yẹn wá ń jó ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń jó awọ rẹ̀, ó ń jó àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, omi sì ń jò jáde níbẹ̀. Ara ohun tó mú un wú nìyẹn."

"Táyé wá ńkọ́, sà?"

"Táyé náà ò ní púpọ̀. Àmọ́ tirẹ̀ ò tán."

"Kí ló dé tí tirẹ̀ ò tán?"

"A ò mọ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín. Wọ́n ti rí irú ìbejì báyìí níbòmíràn, ọ̀kan wú, ọ̀kan ò wú, kò sì tíì sẹ́ni tó mọ ìdí ẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ ìyá ló fà á. Ẹ gbọ́? Kì í ṣe ọwọ́ yín."

Mo bi wọ́n bóyá oògùn wà tó lè pa ẹta iná náà kíá. Wọ́n ní àwọn kan ti fi oríṣiríṣi fítámì gbìyànjú ẹ̀, kò ṣe bí wọ́n ṣe rò. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, oògùn kòkòrò, kí ara rẹ̀ má tutù. Ohun tí àwọn ní nìyẹn.

Kì í ṣe ọwọ́ ìyá. Mo sọ ọ́ fún Moses nígbà tó dé. Ó mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà á.

Ọjọ́bọ̀, 20 Júùnù

Ìjà lónìí. Moses ti lọ sọ fún oníkẹ́míìsì pé ọmọ òun ò lẹ́jẹ̀, oníkẹ́míìsì sì ta ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Ó ń ṣí i lọ́wọ́ nígbà tí Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé rí i.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe, Bàbá Ìbejì?"

Moses fa ìpéǹpéjú Kẹ́hìndé sílẹ̀. Inú rẹ̀ funfun bí bébà. "Ẹ wò ó. Ọmọ tí ò lẹ́jẹ̀ lára, ẹ ní kí n má fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀?"

"Irin ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn ló ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára. Lára ọmọ tó lókun, ó dáa. Lára èyí, lásìkò yìí, kẹrosíìnì lórí iná ni. Tí ara rẹ̀ bá ti ń gbà, àwa fúnra wa la máa fún un."

"Ẹ ò fún un lóúnjẹ yó, ẹ ò fún un lẹ́jẹ̀. Kí lẹ wá ń ṣe fún un?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù ń wò wá. Mo di apá rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé ò bínú, wọ́n kàn dúró títí tó fi dé ìgò náà padà. Ó jù ú sínú báàgì rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Júùnù

Wọ́n wọn Kẹ́hìndé láàárọ̀. Òṣùwọ̀n já wálẹ̀ gan-an. Mo bú sẹ́kún. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé ló ń pàtẹ́wọ́.

"Omi ló ń lọ, Ìyá Ìbejì! Ẹ dúpẹ́ o. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wo àyà rẹ̀. Gbogbo eegun ìhà ló hàn, ìdí rẹ̀ hun jọ bí aṣọ tó tóbi jù fún un. Ó rù ju Táyé lọ. Gbogbo ìgbà tí à ń fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́ tí à ń ní ó sanra, abẹ́ omi ló wà, tó ń rù lọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí i.

Mo dúpẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí n dúpẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Júùnù

Ó rẹ́rìn-ín! Màmá gbé Táyé wá, wọ́n gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì, ó rá lọ bá a, ó fi ìka tẹ imú rẹ̀. Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ló kàn fẹ̀ díẹ̀, kò dún, àmọ́ Nusrat rí i, Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé rí i. Wọ́n ní ọmọ tó bá ti rẹ́rìn-ín, ọ̀nà ilé ló ń wò. Màmá jó lójú ibi tí wọ́n dúró sí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, o ṣeun," wọn ò sọ ohun tí mo ṣe.

Mo jẹ ìrẹsì lónìí, mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́rú, 26 Júùnù

Kò mu wàrà àárọ̀. Kò mu ti ọ̀sán. Wọ́n fi rọ́bà kọjá nímú rẹ̀. Ara rẹ̀ tutù nínú ooru yìí. Mo ṣí bùbá mi, mo gbé e lé àyà mi lásán, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo àwa méjèèjì, wọ́n dé fìlà fún un. Dókítà yí abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà sí èyí tó le jù. Ilé oògùn ọ́sípítù ò ní in. Moses sáré jáde lọ wá a ní Ìkẹjà, ó rí i.

Ọjọ́bọ̀, 27 Júùnù

Ó ṣì tutù. Ó ń wo mí. Olúwa, mo bẹ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Júùnù

Kẹ́hìndé lọ láàárọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe ń pín wàrà lọ.

Àyà mi ló wà. Mo rò pé ó sùn. Nusrat ló kọ́kọ́ mọ̀, ó dìde, ó wá dúró tì mí, ó di gèlè mi mú. Ìgbà yẹn ni Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé sáré dé, Dókítà sáré dé, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ń tẹ àyà rẹ̀ pẹ̀lú ìka méjì péré. Ìka méjì. Àyà rẹ̀ ò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ife wàrà rẹ̀ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kí wọ́n gbé e fún Ròkí. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, ti Ròkí yàtọ̀. Wọ́n dà á sí síńkì. Ìyẹn ni mo pariwo lé lórí, wàrà tí wọ́n dà nù. Mi ò tíì sunkún ọmọ náà fúnra rẹ̀ títí tí mo fi ń kọ èyí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Júùnù

Wọn ò jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn lọ síbi ìsìnkú. Moses àti àwọn àgbà ìjọ méjì ló lọ. Òjò ò rọ̀.

Wòlíì obìnrin wá. Mo ti múra láti lé e jáde. Kò ríran kankan, kò gbàdúrà sókè. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀, ó ń fi òróró pa á títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó ní, "Mo ṣìnà lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi." Ó tún kó aṣọ Táyé, ó fọ̀ ọ́, ó sá a.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Júláì

Táyé ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. "Kẹ́ẹ̀," ó ń pè é, "Kẹ́ẹ̀." Màmá ní kí n sọ fún un pé ó lọ sí ọjà. Mo gbé oúnjẹ ẹ̀pà rẹ̀, mo gé e lẹ́nu, mo fún un. Dandan ni kó jẹ ẹ́ lónìí bó ṣe jẹ ẹ́ lánàá. Bóyá mi ò ní dìde lórí ẹní tí kì í bá ṣe ìyẹn.

Àwọn ará àdúgbò ń wá. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni wọ́n ń sọ. Ọ̀kan ní mo ṣì ní Táyé, bí ẹni ń ka owó tó kù lápò mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Júláì

Moses dé lọ́sàn-án, iṣẹ́ ò sí. Mo ń gbá ilé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mo fún un."

"O fún ta ni kí ni?"

"Kẹ́hìndé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ìgbà tí o lọ fọṣọ, mo fún un ní ìdérí kan. Ọjọ́ kejì, mo tún fún un ní ìdérí kan. Ojú rẹ̀ funfun, Jemimah. Mo rí i pé ó funfun. Mi ò lè máa wò ó lásán. Mo rò pé wọn ò mọ̀ ju oníkẹ́míìsì lọ."

Mo gbé ìgbálẹ̀ jáde, mo gbá iwájú ilé wa, mo gbá ti Bàbá Olúwakóredé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo gbá a dé ojú títì. Ìgbà tí mo padà, ó ṣì dúró síbi tí mo fi í sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Júláì

Mo lọ rí Dókítà Akínfẹ́nwá. Mo sọ ọ́ fún wọn bí Moses ṣe sọ ọ́ fún mi. Wọ́n yọ awò ojú wọn.

"Ìdérí méjì?"

"Ohun tó sọ nìyẹn, sà."

"Mi ò lè sọ fún yín pé òun ló pa á. Mi ò sì lè búra pé kò ṣe nǹkan kan. Àkóràn ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá wà ní ipò yẹn, a máa ń pàdánù wọn nígbà mìíràn tí ohun gbogbo tiẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ."

"Kí ni kí n wá sọ fún un?"

"Òótọ́ ni kí ẹ sọ fún un."

"Èwo ni òótọ́ nínú ẹ̀, sà?"

Mo rí i pé ó dùn wọ́n. Mo ti rò pé tí mo bá dé ibẹ̀ wọ́n á fún mi ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí mo lè gbé délé. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo lè kórìíra rẹ̀ tán. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, mo lè sùn. Ọwọ́ òfìfo ni mo fi wọkọ̀ padà.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Júláì

Nusrat gbé Ròkí wá kí mi. Wọ́n ti dá wọn sílẹ̀. Ròkí ń rìn, irun tuntun dúdú ti ń hù lábẹ́ èyí tó pọ́n. Nusrat ò fẹ́ kí n rí ayọ̀ òun, ó ń pa á mọ́ra bí ẹni tó jí nǹkan. Mo ní, "Gbé e fún mi." Mi ò fẹ́ gbé e. Mo gbé e. Ó wúwo. Ọmọ náà gan-an ló wúwo, kì í ṣe omi.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo wá sunkún Kẹ́hìndé. Ó pẹ́ títí.

Ọjọ́bọ̀, 18 Júláì

Téèpù ti kọjá sí gíríìnì lápá Táyé. Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìlera náà ní kí n jẹ́ kí àwọn ya fọ́tò wa, mo ní rárá, ẹ jọ̀ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 22 Júláì

Wọ́n gbé Moses wálé láti ibi iṣẹ́. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọnkéré. Nígbà tí mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mo rí ọrùn rẹ̀ àti egungun èjìká rẹ̀. Ó ti so okùn mọ́ ṣòkòtò dípò bẹ́líìtì. Inú ilé kan náà là ń gbé, mi ò wò ó láti ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ yẹn. Màmá ní kì í fẹnu kan oúnjẹ tí àwọn bá gbé wá fún un, omi ló ń mu lọ síbi iṣẹ́.

"Ìyàwó mi," wọ́n ní, "mi ò mọ ohun tó wà láàárín yín, mi ò sì béèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi nìyẹn."

Màmá ò mọ̀. Moses ò sọ fún wọn. Èmi náà ò ní sọ fún wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Júláì

Ilé iṣẹ́ Oregun ránṣẹ́, Ọjọ́ Ajé la máa wọlé padà. Wọ́n ní ìdajì wa péré.

Mo ro ẹ̀bà, mo se ilá, mo fi ẹja panla sí i. Táyé jẹun yó, ó lọ ń fi ìdérí ìkòkò ṣeré lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé àwo síwájú Moses, mo jókòó, mo sì sọ fún un ohun tí Dókítà sọ, gbogbo ẹ̀. Mo ti gbé e sínú látọjọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ wọn dé. Mo sọ pé wọn ò lè ní òun ló fà á, wọn ò sì lè ní òun kọ́. Mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó fọwọ́ ti àwo náà sẹ́yìn díẹ̀.

"Jẹun, Bàbá Ìbejì."

"Mi ò lè gbé e mì."

Mo fọ ọwọ́ mi. Mo gé òkèlè, mo yí i nínú ọbẹ̀, mo gbé e sí ẹnu rẹ̀. Kò la ẹnu. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń já sórí ọwọ́ mi.

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mi ò tíì mọ̀," mo ní. "La ẹnu."

Ó la ẹnu.